Ilé Ẹgbẹ́ Wa ní Zungeru, àti Bí A Ṣe Kọ́ Katapílà Wíwà

  Láti ìgbà tí òjò ọdún 2024 ti dáwọ́ dúró ni ẹ ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: "Ṣé òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ ti ta ilé wa ní Zungeru?" Ìdáhùn wa ni pé ẹgbẹ́ kò ta á. Ilé wà níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa, kì í sì í ṣe owó nìkan ni ó gbà á sílẹ̀. Nítorí náà ni àwa tí a wà níbẹ̀ ṣe ní kí á rò ó fún yín bí ó ti rí.

ÌLÚ ZUNGERU

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ìlú náà, nítorí àwọn ọmọ wa tí wọn kò dé ibẹ̀ rí. Zungeru wà létí odò Kàdúná ní Ìpínlẹ̀ Niger, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Wushishi. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀, tí ó rí ọjà kékeré, igi máńgòrò, àti àwọn ewúrẹ́ tí ó ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kò lè mọ̀ pé olú-ìlú ni ibẹ̀ nígbà kan rí. Ní 1902 ni Lugard kó ibùjókòó ìjọba Àríwá láti Jẹ́bà wá síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àkóso gbogbo ilẹ̀ Àríwá, títí wọ́n fi kó lọ sí Kàdúná ní nǹkan bí 1916 sí 1917. Kí ojú irin ńlá tó ti Èkó dé ibẹ̀, reluwé kékeré kan ti wà tí ó ń kó ẹrù láti èbúté Barijuko wá sínú ìlú.

Ní Zungeru ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe ní 1904, ẹni tí ó di Ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1963. Níbẹ̀ náà ni wọ́n bí Odumegwu Ojukwu ní 1933. Ọmọ àlejò ni àwọn méjèèjì. Akọ̀wé ni bàbá Azikiwe, oníṣòwò ni bàbá Ojukwu. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìwé ní ilé iṣẹ́ ojú irin máa ń rán ara wa létí èyí nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá sú wa, pé a kì í mọ ohun tí ọmọ akọ̀wé yóò dà.

Ìjọba kó kúrò ní Zungeru, ṣùgbọ́n ojú irin kò kó kúrò. Ojú irin yìí ni ó gbé àwọn bàbá wa débẹ̀.

ILÉ TÍ WỌ́N FI SÍLẸ̀ FÚN WA

Yàrá mẹ́fà ni ilé ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú pálọ̀ ńlá kan, kànga kan, àti ilẹ̀ tí ó gùn lọ sẹ́yìn títí dé ibi tí ó ti dà gẹ̀rẹ́ sí odò kékeré kan. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì fi páànù bò ó. Nínú àwọn tí ó kọ́ ọ, aránṣọ wà, oníṣòwò obì àti aṣọ wà, òṣìṣẹ́ ojú irin ni ó sì pọ̀ jù. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ọmọ Yorùbá tí ó bá ti ilé dé tí kò ní ojúlùmọ̀, kí ó sùn níbẹ̀ láìsanwó fún oṣù kan gbáko, títí yóò fi rí iṣẹ́. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ wo ẹ̀yìn wò: mélòó ni bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sí pálọ̀ yẹn?

Nígbà tí iṣẹ́ ojú irin rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kó lọ sí Mínà, ilé náà sì dá páropáro. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ni ó ń gbé ibẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́. Òun ni ó kọ́kọ́ ké sí wa pé ọ̀gbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ní 2022, ẹsẹ̀ bàtà 40 ni ó wà láàárín ihò náà àti ògiri ilé. Nígbà tí òjò 2024 fi parí, ó ti ku ẹsẹ̀ bàtà 11. Àwa fúnra wa ni a fi okùn wọ̀n ọ́n. Ilé ìdáná ti wó sínú rẹ̀. Bí ọkùnrin gíga bá dúró sí ìsàlẹ̀ ihò náà, ẹni tí ó wà lókè kò ní í rí fìlà rẹ̀.

Ní ìpàdé oṣù Kejìlá 2024, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí á tà á nígbà tí ilé ṣì wà láti tà, nítorí oníṣòwò kan ti ń béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ta ni ó kù ní Zungeru tí a ń tún ilé ṣe fún? Àwọn mìíràn ní àwọn bàbá wa kò kọ́ ọ fún títà. Ìyá Ẹgbẹ́, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, dìde, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ mi ni a ti inú ilé yìí gbé lọ sin. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ dúró kí wọ́n gbé èmi náà jáde." Ilé pa rọ́rọ́. Bàbá Alága wá dá ẹjọ́ náà pé: òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. Bí a bá rí ihò náà dí kí òjò tó dé, ilé di tiwa. Bí a kò bá rí i dí, kí á tà á.

Ẹ̀RỌ ÀTI ỌJỌ́ ÀÀWẸ̀

Ṣọ́bìrì kò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Katapílà ọlọ́wọ́ gígùn ni a nílò, èyí tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn, tí ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 20. A rí kọngílá kan tí ó gbà láti fi tirẹ̀ háyà fún wa. Aago kan wà lára ẹ̀rọ náà tí ó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì bá fi ṣiṣẹ́. Iye wákàtí yẹn ni a ó sanwó fún, àwa ni a ó sì ra epo dísù.

Kọngílá fún wa ní awakọ̀ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Ọmọ Nupe ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ àgbègbè náà tí ó kọ́ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdídò Zungeru, iṣẹ́ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 láti mú iná mẹ́gáwátì 700 jáde lára odò Kàdúná. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é, bí ó tilẹ̀ kéré sí púpọ̀ nínú wa lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dé títí oṣù Kẹta fi wọlé, ààwẹ̀ Rámádánì sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù náà. Oòrùn Zungeru ní oṣù Kẹta kì í ṣe oòrùn tí ẹni tí kò mu omi fi ń jókòó sínú àpótí irin. Láti ìdájí títí di nǹkan bí agogo 10 ni Ọ̀gá lè wà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò dúró sábẹ́ máńgòrò, tí àwa náà yóò dúró tì í, tí ọjọ́ yóò sì máa lọ.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó dá a lábàá. Ó ní òun lè jókòó sábẹ́ igi kí òun máa wo ènìyàn, bí a bá ní ẹni tí ó lè kọ́ ọ. Kọngílá gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé orí ilẹ̀ wa nìkan ni, pé ojú Ọ̀gá kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, àti pé ohun tí a bá bàjẹ́, àwa ni a ó tún un ṣe. Àwa mẹ́ta ni ẹgbẹ́ yàn: mẹkáníìkì kan láti Mínà, àwa akọ̀wé ojú irin tí a gba ìsinmi ọdún wa fún un, àti ọmọbìnrin Bàbá Akápò tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì ìpínlẹ̀ tí ó wà nínú ìlú náà. Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ fajú ro nítorí ọmọbìnrin yìí. Bàbá Akápò ní bí ó bá lè ka ìwé rẹ̀, ó lè ka ti ẹ̀rọ.

OHUN TÍ Ọ̀GÁ KỌ́ WA

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí á fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí ìwakọ̀. Àyẹ̀wò àárọ̀ ni ó kọ́ wa: kí á wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí á wo omi rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, kí á wo ọ́ìlì tí ó ń gbé apá rẹ̀ sókè, kí á fa gíríìsì sí gbogbo oríkèé, kí á sì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ohun kan ń kán sílẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá kí ẹ̀rọ láàárọ̀, ẹ̀rọ kò ní í dá a lóhùn lọ́sàn-án.

Apá ẹ̀rọ náà dà bí apá ènìyàn. Ó ní èjìká, ó ní ìgbọ̀nwọ́, ó sì ní ọrùn ọwọ́ tí garawa eléyín irin so mọ́. Ọ̀pá méjì ni a fi ń darí rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì ń yí gbogbo ara ẹ̀rọ sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń nà tàbí ká ìgbọ̀nwọ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń gbé èjìká sókè sódò, ó sì ń ṣí tàbí pa garawa dé. Bí a ti ń sọ ọ́ yìí, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n láti gbá yẹ̀pẹ̀ kan péré, ọ̀nà mẹ́ta ni yóò máa yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kan lu ìlù tí ó fi èkejì jẹun. Ẹsẹ̀ àti ọ̀pá méjì mìíràn ni a fi ń rìn. Níbẹ̀ ni ìdààmú wà: bí orí ẹ̀rọ bá ti yí kọjú sẹ́yìn, iwájú ti di ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá tì í síwájú, ẹ̀yìn ni yóò máa lọ. Nítorí náà, kí a tó rìn, ojú wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí táyà eléyín tí ó ń fa ẹ̀wọ̀n wà. Bí ó bá wà lẹ́yìn wa, iwájú ni iwájú.

Ìdánwò tí Ọ̀gá fi yẹ̀ wá wò ni àgbá epo òfìfo kan. Ó ní kí á fi garawa tì í láti ìdí máńgòrò dé ìdí kànga, kí ó má ṣubú, kí ara rẹ̀ má sì tẹ̀. Mẹkáníìkì wa lágbára, ó mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó ń fa ọ̀pá bí ẹni fa okùn màlúù. Àgbá mẹ́ta ni ó fọ́. Ọmọ Bàbá Akápò fi ìka méjì mú ọ̀pá náà bí ẹni mú abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, àgbá dé ìdí kànga láìṣubú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Sannu ba ta hana zuwa." Àwọn Hausa ni ó ń pa òwe yẹn, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í dí ẹni lọ́wọ́ àtidé. Ìyá Ẹgbẹ́ dá a lóhùn ní Yorùbá pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé.

Ní tiwa, a wà á dáadáa níwọ̀n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ọ̀gá rí pé ó bá wa mu jù ni ti aṣọ pupa àti aṣọ àwọ̀ ewé. Ẹni tí ó wà nínú àpótí kì í rí apá ọ̀tún rẹ̀ dáadáa, ìrù ẹ̀rọ sì lè gbá ènìyàn nígbà tí ó bá ń yí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró sí ibi tí awakọ̀ ti ń rí i, kí ó máa fi àmì hàn án, kí ó sì máa lé àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ ojú irin ti kọ́ wa pé nígbà tí aṣọ pupa bá gòkè, a kì í bi í pé kí ló dé. Àwa náà ni a ń kọ wákàtí inú aago sínú ìwé lójoojúmọ́, kí àríyànjiyàn má baà wà lọ́jọ́ owó.

IBI TÍ OMI FẸ́ GBÀ

Kí a tó dí ihò, a ní láti kọ́kọ́ gbé omi gba ibòmíràn, nítorí bí omi bá ṣì ń gba ibẹ̀, yóò tún un gbẹ́. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí á la gọ́tà tààrà láti ẹ̀yìnkùlé wa lọ sí odò. Ẹ̀rọ lè là á ní ọjọ́ méjì. Mẹkáníìkì ti gun orí ẹ̀rọ, ó ti dé ẹ̀bá ààlà wa, nígbà tí Ọ̀gá dìde lábẹ́ igi tí ó sì ní kí á gbé aṣọ pupa sókè. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó nawọ́ sí iwájú, ó ní: "Ilẹ̀ ta ni èyí?"

Oko iṣu àwọn Gbagyi kan ni. Ní ìkángun oko náà, òkúta díẹ̀ wà tí a tò jọ lábẹ́ igi. Ibojì ni. Kò sí ẹni tí ó bínú sí wa, nítorí a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti súnmọ́ tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Alága àti Ìyá Ẹgbẹ́ gbé obì, wọ́n gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá àgbà tí ó ni oko náà. Àwa tẹ̀lé wọn láti gbé àpò. Bàbá yìí gbọ́ wa tán, ó ní omi kò gba oko òun rí nígbà tí òun wà ní ọmọdé. Ó ní gọ́tà olókúta kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí ìlú wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa ní apá ìlà-oòrùn. Ó ní pàǹtí àti yẹ̀pẹ̀ ni ó dí i nígbà tí ilé pọ̀ sí i lókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ juwe ibẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin ará wa, ó wà níbẹ̀. Ọmọ Bàbá Akápò ni ó wà lórí ẹ̀rọ. Ó ń họ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, títí eyín garawa fi ró lórí òkúta. Ó dúró lójú ẹsẹ̀. A fi ṣọ́bìrì yọ ìyókù. Òkúta tí wọ́n tò dáadáa ni, ó lọ tààrà sí odò láìkan oko ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti la ọ̀nà tiwa, à bá pàdánù aládùúgbò, à bá tú ibojì, a kì bá sì mọ̀ láéláé pé ọ̀nà omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Katapílà lè gbẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè béèrè ẹni tí ó ni ín. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, àwa tí a wà ní ìlú onílùú.

BÍ A ṢE DÍ I

Ìyókù iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A kò kàn da yẹ̀pẹ̀ sínú ihò. A kọ́kọ́ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, kí yẹ̀pẹ̀ tuntun lè di ti àtijọ́ mú. Kò sì sí ẹni tí a jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ kí a tó gé ẹ̀gbẹ́ náà tán, nítorí ilẹ̀ tí ó jìn tí ó sì dúró ṣánṣán lè ya bo ènìyàn lójijì. Lẹ́yìn náà ni a ń da yẹ̀pẹ̀ pupa sí i díẹ̀díẹ̀, nínípọn rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, a ń wọ́n omi sí i, ẹ̀rọ sì ń rìn lórí rẹ̀ títí yóò fi le. Níbi tí ó súnmọ́ ògiri, a kò jẹ́ kí ẹ̀rọ débẹ̀ rárá, nítorí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lè la ògiri amọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fi òǹtẹ̀ igi gún ibẹ̀. A to òkúta kọjá ìsàlẹ̀, a sì gbin koríko onígbòǹgbò gígùn sí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a pààrọ̀ páànù tí ó ti jẹrà, a sì tún ilé ìdáná mọ, ṣùgbọ́n ní apá kejì ilé.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní òru, ní ìparí oṣù Kẹrin. Kò sí ẹni tí ó sùn. A mú tọ́ọ̀ṣì, a lọ dúró sétí gọ́tà olókúta. Omi pupa ń sáré kọjá nínú rẹ̀, ó ń lọ sí odò. Ẹ̀yìnkùlé kò mì. Nígbà tí òjò 2025 fi parí, a tún fi okùn wọ̀n ilẹ̀ láti ògiri dé ibi tí koríko parí. Ẹsẹ̀ bàtà 40 ni.

ÌRÒYÌN ILÉ

Ìkómọ méjì ni a ti ṣe ní pálọ̀ láti ìgbà náà, ìkan fún ìdílé aránṣọ, ìkan fún ìdílé mẹkáníìkì wa. Bàbá Gbagyi onílẹ̀ wa níbi méjèèjì, wọ́n sì fún un ní àga iwájú. Ọ̀gá gbéyàwó ní oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ sì rán àṣojú mẹ́rin pẹ̀lú aṣọ. Ọmọ Bàbá Akápò ti padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kọngílá ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ń dúró dè é bí ó bá jáde. A bá ìdílé Bàbá Aláago kẹ́dùn, bàbá tí ó lọ sinmi ní Ọ̀fà lẹ́yìn tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lájò.

Yàrá mẹ́ta ti ṣetán fún àlejò. Ẹni tí ó bá ń bọ̀, kí ó mú ẹní àti àpò ẹ̀fọn tirẹ̀ dání. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí á sọ fún yín pé iyọ̀ àti gààrí wà.

Gọ́tà kò gbọdọ̀ dí mọ́. Ẹgbẹ́ ti pín gbígbá rẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá. Ìwé ìpín náà wà lára ògiri pálọ̀ àti lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìdílé tí ó wà ní Mínà tí kò lè wá, kí ó fi owó alágbàṣe ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó pé. A ń retí yín.